Tí wọ́n bá pè yín síbi ìgbéyàwó ní Ire-Akárí: ẹlẹ́rìí ni yín o

   

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti ọkọ àti ìyàwó, àwọn yẹn ti ní ẹni tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Tiwa ni mo fẹ́ sọ, àwa tí wọ́n pè. Ọ̀pọ̀ yín ló máa ń bi mí pé, "Mà, wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó l'Ékòó. Kí ni kí n wọ̀? Èló ni kí n mú dání? Aago mélòó ni kí n kúrò nílé?" Màá dáhùn gbogbo rẹ̀. Ire-Akárí ní Ìsọlọ̀ ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, mi ò sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó tó ọdún méje sẹ́yìn báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń gbé ní Ire-Akárí. Inú ọjà la ti mọra, ó sì ti lé lógún ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó pè mí, ó ní, "Ìwọ, mi ò fẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ, mi ò fẹ́ kúlà, mi ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan. Jọ̀ọ́, tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó o ti jókòó tì mí. Ẹbí bàbá ọmọ ò pọ̀. Mi ò fẹ́ kí àwọn àna mi wọlé kí wọ́n bá àga òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Mo ní kò sí wàhálà. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé rẹ̀ ni màá sùn mọ́jú.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Ìyànà Ìpájà ni mò ń gbé. Mo ti ra aṣọ ẹbí, mo ti rán an, ó bá mi mu. Lọ́jọ́ náà mo jí ní aago mẹ́fà. Mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń wé gèlè ládùúgbò wa, mo bá èèyàn mẹ́rin níwájú. Ó yẹ kí n wé e fúnra mi kí n máa lọ, àmọ́ mo jókòó, mo dúró. Mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ara mi, pé, "Ìnáwó Yorùbá, aago mẹ́sàn-án wọn, aago mọ́kànlá ni." Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí mo máa dé Òṣòdì, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni mo wọ gbọ̀ngàn náà.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lákòókò. Ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n ti ka lẹ́tà, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún àwọn ọmọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Aládùúgbò rẹ̀ kan, ìyá Ígbò kan tó ń ta èlò ilé ní àdúgbò wọn, ló jókòó sórí àga mi. Kò wọ aṣọ ẹbí. Ìró àti bùláòsì tirẹ̀ ló wọ̀ wá. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti wà níbẹ̀ láti aago méje, pé òun ló di ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mú nígbà tí ọmọ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tí àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Mo lọ kí i. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ wá àyè jókòó, kí wọ́n gbé oúnjẹ fún yín."

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Láti ogún ọdún, "ìwọ" là ń pe ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, ó pè mí ní "ẹ". Ó ti kà mí mọ́ àlejò. Ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Kí ni wọ́n pè wá fún gan-an?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú sí i. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà, ìyẹn Marriage Act, sọ pé tí wọ́n bá so tọkọtaya pọ̀ ní ilé ìjọsìn tó gbàṣẹ, ó kéré tán ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ tó so wọ́n. Tó bá jẹ́ iwájú akọ̀wé ìjọba ni, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Mùsùlùmí náà kì í so yìgì láìsí ẹlẹ́rìí. Ìdáná tiwa ńkọ́? Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, iṣu, tí wọ́n ń tò síwájú gbogbo èèyàn yẹn, owó orí tí bàbá ìyàwó ń gbà tó sì máa ń dá padà nígbà mìíràn, alága ìjókòó àti alága ìdúró tí wọ́n ń pe ara wọn níjà, kí ni gbogbo rẹ̀ wà fún? Kí àwọn tó jókòó síbẹ̀ lè sọ lọ́jọ́ mìíràn pé, "Ìṣojú wa ni." Tí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya, àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ké sí.

Ẹ wá inú òfin yẹn títí, ẹ ò ní rí ìrẹsì níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí lẹ máa rí. Nítorí náà, gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún yín, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dúró lé: ẹ débẹ̀, kí ẹ fojú yín rí i, kí ẹ má sì di ẹrù kún ẹrù ẹni tó pè yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ka káàdì yín dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ìdáná, ìsopọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ibi tí wọ́n á ti gba àlejò. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jẹ́, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kí ẹ wá. Tí káàdì bá sọ pé èèyàn méjì, èèyàn méjì ni. Iye èèyàn ni wọ́n fi ń bá olóúnjẹ dúnàádúrà. Tí ẹ bá kó àbúrò, aládùúgbò àti ọ̀rẹ́ aládùúgbò dání, mo gbọ́ mo yà lẹ kó wá yẹn, àwo ẹlòmíràn ni wọ́n á sì jẹ.

Ẹ má pe ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà pé níbo ni gbọ̀ngàn wà. Ẹ má pe ọkọ, ẹ má pe ìyá wọn. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà ẹnì kan nínú ẹbí tí kò ní wà nídìí àdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ má jẹ́ kí bàálù yín balẹ̀ lálẹ́ Friday fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé. Bàálù lè pẹ́, ẹrù lè má tètè jáde. Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀.

Ọ̀nà Ire-Akárí

Ire-Akárí wà ní Ìsọlọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, àdúrà ni, pé kí ire ó kárí. Kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé kíá ni wọ́n á débẹ̀. Ẹ má tan ara yín. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 2, ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì ló máa gbà dé Cele kó tó yà wọlé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkejà tàbí láti Ìbàdàn, Òṣòdì ló máa gbà. Cele àti Òṣòdì, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ìlú ń lọ síbi ìnáwó, ẹ ò lè bá wọn ṣàdéhùn.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà, kí ẹ sọ̀ ní Agége. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, ti ń gba Agége àti Ìkejà kọjá lọ sí Òṣòdì. Kò sí gosiloo lórí irin. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí àkókò tí ọkọ̀ méjèèjì ń gbéra lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ.

Ẹ má sì fi ọ̀kadà sínú ètò yín. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "màá fi ọ̀kadà já a" lè padà jẹ́ ẹni tó ń bá ọlọ́pàá ṣàlàyé nínú léèsì.

Òjò ńkọ́? Agbègbè Ìsọlọ̀ yẹn, omi máa ń dúró níbẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje, ẹ wọ sálúbàtà kúrò nílé, kí ẹ fi bàtà gidi sínú ọ̀rá.

Èmi, tí ìrìn bá gba ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo ń fún un lọ́jọ́ Sátidé. Tí mo bá débẹ̀ yá, màá jókòó, màá sinmi. Kò sẹ́ni tó kú nítorí pé ó tètè dé ibi ìnáwó.

Aṣọ ẹbí àti gèlè

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Èkó ti ń dá aṣọ ẹbí. Ohun tó wà fún ni kí ojú lè rí i pé àwọn èèyàn yìí, ti ẹnì kan ni gbogbo wọn. Kò wà fún kí ẹ jẹ gbèsè. Tí wọ́n bá sọ iye rẹ̀ tó ju agbára yín lọ, ẹ tètè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè ra aṣọ, àmọ́ màá wà níbẹ̀." Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tó ń dun olóde ni ẹni tó ní kí wọ́n gé aṣọ sílẹ̀ fún òun, tí kò sanwó, tí kò sì gbé aṣọ títí ọjọ́ fi pé. Owó ara rẹ̀ ni olóde fi ra aṣọ yẹn.

Tí ẹ ò bá ra á, ẹ wọ aṣọ yín tó mọ́, tó bu iyì kún ọjọ́ náà. Ẹ ṣáà má wọ funfun báláú lọ síbi tí ìyàwó ti wọ funfun. Ẹ rántí ìyá Ígbò ọjọ́sí. Kò sí aṣọ ẹbí lára rẹ̀, òun ni ẹbí ọjọ́ náà.

Ní ti gèlè, ẹ wé e sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Friday, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ti wé sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí gèlè na àga mọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Níbi yìí, ẹ fún mi létí dáadáa. Gbogbo wa la fẹ́ràn ká ná owó, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ níwájú orí. Àmọ́ abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá fọ́n náírà, tó jó lórí rẹ̀, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ, ó ti lùfin. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Idris Okuneye, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bobrisky, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí, láìfún un láyè láti san ìtanràn. Àjọ EFCC ló gbé e lọ.

Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, abala kan náà ló dè wọ́n. Tí ẹ bá ra owó lọ́wọ́ wọn, ọjà tí òfin kọ̀ lẹ rà. Fídíò sì pọ̀ níbi ìnáwó. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lè gbé yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó délé.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ fi owó sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ fi lé ọkọ, ìyàwó tàbí ìyá wọn lọ́wọ́. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn. Èmi fẹ́ràn kí n fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, torí ìgbà yẹn ni owó ń ran olóde lọ́wọ́, nígbà tí ẹlẹ́ran ń bèèrè, tí onímúsíìkì ń bèèrè. ₦10,000 lọ́jọ́ Wednesday wúlò ju ₦20,000 tí ẹ ná lójú agbo lọ.

Oúnjẹ, fóònù àti àga

Ẹ jẹ nǹkan kí ẹ tó kúrò nílé, ìbáà ṣe ògì àti àkàrà. Ẹni tí ebi ń pa kì í rí nǹkan mìíràn ju ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé. Ẹ má bá ọmọ tó ń gbé oúnjẹ jà, kì í ṣe òun ló sè é. Tí àmàlà bá tán, ẹ jẹ ìrẹsì. Ẹ má fi ọ̀rá di ẹran mẹ́ta pamọ́ nígbà tí tábìlì ẹ̀yìn kò tíì rí oúnjẹ. Ẹ̀bùn ìrántí, ẹyọ kan ni tẹnì kan.

Ibi tí wọ́n bá fi yín sí ni kí ẹ jókòó. Àga iwájú tí ẹ rí tó ṣófo yẹn, ó ní ẹni tí wọ́n ń retí. Èmi mọ̀.

Tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ, ẹ fi fóònù sínú báàgì. Wọ́n ti sanwó fún ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹ má dí i lójú. Tí fóònù bá sì wà nínú báàgì, tí báàgì wà lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ máa bá a níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá dìde. Gọ́ọ̀lù gidi, ẹ fi sílé.

Ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ kejì

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú tí ọ̀nà yín bá jìn. Tí ẹ bá ti mu nǹkan tó le, ẹ má wakọ̀. Ẹ bá ẹni tí kò mu sọ̀rọ̀ láàárọ̀ pé òun ló máa wà á. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè l'Ékòó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má lọ wá ìyá ìyàwó láàárín agbo láti dágbére. Ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí, ó tó.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ pè wọ́n pé, "Ẹ kú ìnáwó àná o." Tó bá sì di bí ọjọ́ Tuesday, tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ yà sílé wọn. Ilé tí ọmọ ti lọ máa ń dákẹ́. Ẹlẹ́rìí rere kì í lọ pẹ̀lú kánópì.

Ẹ máa fẹ́ mọ bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe parí rẹ̀. Fọ́tò ọjọ́ yẹn ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ìyá Ígbò náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí èmi. Mo tọrọ àforíjì, ó gbà, àmọ́ "ẹ" yẹn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ kejì náà fẹ́ gbéyàwó. Mi ò dúró kó tó bẹ̀ mí. Ọjọ́ Friday ni mo ti gbé báàgì mi lọ sí Ire-Akárí. Èmi àti ìyá Ígbò náà la jọ bó ẹ̀wà tí wọ́n fi ṣe mọ́ínmọ́ín, títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Ní aago méjì òru, ọ̀rẹ́ mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń to àwo. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ yìí, o ò tíì sùn?"

Mo dá a lóhùn pé oorun ò kùn mí. Òótọ́ ni. "Ìwọ" tó pè mí yẹn ti lé oorun lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ti máa dúró lónìí nìyí. Ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ tètè kúrò nílé. Ire á kárí wa o. Ó dìgbà kan ná.